Ọmọ Ilé Alábẹ́là

Ní ìlú Zamora ní ilẹ̀ Sípéènì, orúkọ rẹ kò jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn àgbà. Bí o bá kọjá níwájú wọn lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń pè ọ́. Wọ́n á wò ọ́ láti orí dé bàtà, wọ́n á ní, "Ta ló ni ọ́?" Ìnagijẹ ilé yín ni wọ́n fẹ́ gbọ́: ilé Alágbẹ̀dẹ, ilé Adití, ilé Ajẹpẹ́pẹ́yẹ. Bí o bá ti sọ ọ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì mọ bí wọn yóò ṣe máa kí ọ láti ọjọ́ náà lọ. Wọ́n á mọ ẹni tí bàbá rẹ àgbà bá jà, àti ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ fi jókòó tì ọ́ níbi ìgbéyàwó.

Wouter kò mọ̀ pé ìbéèrè náà wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Họ́láńdì ni, láti Enkhuizen, ìlú kékeré kan létí omi. Ó ti ń kọ́ èdè Sípéènì láti ilé, ó mọ òfin èdè náà ju àwọn tó ni ín lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló gbé e wá sí Zamora láti wá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kan: ó fẹ́ kó di pé bí òun bá lanu, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ̀ pé àlejò ni òun. Ìdí tí kò fi lọ sí Madrid nìyẹn. Ó ní àwọn àlejò ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọn yóò kó èérí bá ohùn òun. Kí ó tó dé ló ti ra kóòtù dúdú onírun àgùntàn, irú èyí tí àwọn bàbá arúgbó ń wọ̀ lọ gbàdúrà, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ọwọ́ sẹ́yìn rìn nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́, Remigio tó jẹ́ olùkọ́ wọn gbọ́ bí Wouter ṣe ń ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ bí omi. Remigio rẹ́rìn-ín, ó ní, "O gbìyànjú gan-an. Ọmọ Jámánì ni ọ́, àbí?"

Wouter kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun. Krelis, bàbá rẹ̀, ń ta ẹja nínú kẹ̀kẹ́ kan létí èbúté Enkhuizen, ẹja tútù tí wọ́n ń fi iyọ̀ díẹ̀ pa lára, tí àwọn oníbàárà ń dì mú nírù, tí wọ́n sì ń jẹ láìsè. Ohùn Krelis ń dún dé òdì kejì omi bó bá ń polówó. "Ẹja rè é o, ẹja àná kọ́!" Nígbà tí Wouter wà lọ́mọdé, abẹ́ kẹ̀kẹ́ náà ló máa ń jókòó sí, òun ló sì ń gbè é: "Dì í nírù mú, kó gba ọ̀fun lọ sílé!" Àwọn èèyàn a máa rẹ́rìn-ín, wọn a sì máa rà. Nígbà tó wọ ilé ìwé gíga, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sín in jẹ, ó sì pa ẹnu mọ́. Láti ìgbà náà ni Krelis ti ń dá kígbe. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Zamora bá bi í pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó máa ń ní, "Ọ̀rọ̀ òkun ni wọ́n ń bójú tó." Àwọn kan rò pé ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni. Wouter kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn.

Ilé Màmá Eutimia ló wọ̀ sí, opó kan tí kì í gba kí abọ́ òfìfo wà níwájú èèyàn. Ìlú náà kò bá Wouter lára mu ní ìbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ wọn pẹ́ débi pé ebi máa ń wá, ebi a sì lọ kí abọ́ tó dé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo Zamora a kú: ṣọ́ọ̀bù a ti ilẹ̀kùn, fèrèsé a wálẹ̀ gbì, ìkùukùu a gòkè láti odò Duero, a sì kún inú àwọn òpópónà bí ẹni tí wọ́n fi ilé ṣọ́.

"Lọ dùbúlẹ̀, ọmọ mi," ni Màmá Eutimia máa ń wí.

"Mi kì í sùn lọ́sàn-án, màmá."

"Ta ní kí o sùn? Dùbúlẹ̀ ni mo ní. Àwọn tó ń rìn ní àkókò yìí kì í ṣe ẹni tó yẹ kí o máa kí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Wouter. Ó kọ́ ọ sórí, ó tún un sọ níwájú dígí títí ó fi rí i pé ohùn òun bá tirẹ̀ mu, lẹ́yìn náà ó wọ kóòtù rẹ̀, ó jáde.

Òun nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó rọra ń lọ, inú rẹ̀ ń dùn pé bí ẹnikẹ́ni bá yọjú lójú fèrèsé, ọmọ ìlú ni yóò pe òun. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ìyá arúgbó kan dá jókòó, ó wọ dúdú, ó gbé àpò ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

"Wá níbí," ni ó wí. "Ta ló ni ọ́?"

Inú Wouter dùn gan-an. Kò sí ẹni tí í bi àlejò bẹ́ẹ̀, "Níbo lo ti wá?" ni wọ́n máa ń bi àlejò. Ó gbójú sókè, ó ń wá ohun tí yóò sọ. Ní ìkọjú bẹ́ǹṣì náà ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan wà, ó tì gbọningbọnin, pátákó rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣe é kà.

"Ilé Alábẹ́là, màmá."

Ó ń retí kí ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sún síwájú, ó wò ó pẹ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Mo rí iwájú orí yẹn tó ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, mo ní iwájú orí àwọn Alábẹ́là nìyẹn, ó gbòòrò bí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ pẹ́ o. A ti rò pé ẹ ò ní rán ẹnì kankan mọ́."

"Ọ̀nà ló jìn, màmá," ni Wouter wí. Kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá sí òun lẹ́nu.

"Leocadia ni mí. Jókòó." Ó sún fún un. Wouter jókòó. Ìyá náà kò gbọ́ àlejò kankan nínú ohùn rẹ̀! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré padà sílé ẹ̀kọ́ lọ pe Remigio wá gbọ́. Láti abẹ́ ilẹ̀kùn tó wà ní ìkọjú wọn, òórùn ìda oyin gbígbóná ń jáde wá díẹ̀díẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tò síbi ìtajà búrẹ́dì. Petra, obìnrin tó ni ín, rí i, ó gba orí gbogbo èèyàn nawọ́ sí pẹpẹ òkè pátápátá, ó gbé búrẹ́dì roboto kan sílẹ̀.

"Ti ilé yín rè é. Màmá Leocadia ti sọ fún mi."

"Mo wà lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí," ni Wouter wí.

"Ilé Alábẹ́là kì í tò," ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀, kò sì bínú. "Bí ẹ bá ní ká tò, ta ni yóò tan iná fún wa?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó dé ìta ló ṣàkíyèsí pé búrẹ́dì náà gbóná débi pé ó ń jó òun lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni eruku tó wà lórí bébà tí wọ́n fi wé e nípọn tó èyí tí èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí.

Láti ìgbà náà ni ìlú ti gbà á. Onígbàjámọ̀ gẹ irun rẹ̀ láìbi í ní bó ṣe fẹ́ ẹ, ó ní bí wọ́n ṣe ń gẹ̀ ẹ́ nílé yín nìyí. Àwọn bàbá ń ṣí fìlà fún un. Èdè Sípéènì rẹ̀ sì ń dára sí i lọ́nà tí ìwé kankan kò kọ́ ọ. Ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ń ṣàpèjúwe ìkùukùu, ọ̀rọ̀ kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí Remigio fi gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Níbo lo ti gbọ́ ìyẹn?"

"Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà ń sọ ọ́," ni Remigio wí. "Òun nìkan ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀." Ó wo Wouter, kò sì bá a ṣeré mọ́ títí kíláàsì fi parí. Wouter ka èyí sí ìlara.

Bí kì í bá ṣe ti fóònù, ayọ̀ rẹ̀ ì bá pé. Fóònù náà kò dá ìka rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ó nù ún, ó fọ ọwọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, àfi kó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Nígbà tó gbé ìka sójú iná, ó rí i pé orí rẹ̀ ń dán jọ̀lọ̀, kò sí ìlà kankan níbẹ̀.

Màmá Eutimia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wọlé wá pẹ̀lú aṣọ ìrọ̀rí lọ́wọ́.

"Wouter, ṣé àbẹ́là lò ń tàn nínú yàrá mi ni? Iná mànàmáná kò tó ọ?"

"Mi ò tan àbẹ́là kankan, màmá."

"Kí wá lèyí?" Ó fi èékánná ha ojú aṣọ náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ìda oyin gidi. Wọn kì í ta irú rẹ̀ mọ́." Ó ká aṣọ náà. "Ta lo sọ fún ìlú yìí pé òun ló ni ọ́?"

Wouter sọ fún un, ó sì sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Màmá Eutimia fa àga, ó jókòó.

"Kò sí Alábẹ́là mọ́," ni ó wí. "Saturio ló kẹ́yìn wọn. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n gbé e jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì parí."

"Ṣé Màmá Leocadia kò mọ̀ ni?"

"Leocadia ni kò ní mọ̀? Òun ni Saturio fẹ́ fi ṣe ìyàwó. Ọmọ mi, àwọn èèyàn yẹn ló ń tan iná fún òkú gbogbo wa, wọ́n wá kú tán, wọn ò ní ẹni tí yóò tanná fún wọn. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ilé kan níbí, gbogbo ilé náà ló gbà. Ìkíni wọn, búrẹ́dì wọn, òkú wọn. Lọ sọ fún un pé irọ́ lo pa."

"Màá sọ fún un."

Kò lọ. Láti lọ sọ ọ́, àfi kó fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní àlejò, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìlú ti gbà pé kì í ṣe àlejò. Ó ní òun yóò gbádùn rẹ̀ díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, ó pe bàbá rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi."

Krelis wo orúkọ tó wà lójú fóònù. Ariwo ẹyẹ òkun ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, sà," ni Krelis wí níkẹyìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ó ṣe ń bá oníbàárà tó wọ ṣúùtù sọ̀rọ̀. "Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Wouter."

"Ẹ má bínú sà, mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ọmọ mi ló ni fóònù yìí. Ṣé ẹ rí i he ni?"

"Bàbá, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀." Ó gbọ́ ara rẹ̀ bó ti ń wí i. Èdè Họ́láńdì ni, ṣùgbọ́n ó ń jáde bí ẹni pé arúgbó kan kọ́ ọ lánàá, ohùn náà gbẹ, ó sì ń lọ sókè sódò bí ti Zamora.

"Ẹ ṣé tí ẹ pè, sà," ni Krelis wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ náà dà? Ọmọ gíga kan ni. Kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣeré púpọ̀, ṣùgbọ́n kò burú. Ṣé nǹkan kan ti ṣe é ni?"

Wouter pa fóònù náà. Bàbá rẹ̀ tó bí i ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Kò dúró wọ kóòtù. Ó sáré gba inú ìkùukùu lọ síbi bẹ́ǹṣì, ó bá Leocadia níbẹ̀.

"Màmá, irọ́ ni mo pa fún yín. Àlejò ni mí. Ọmọ Họ́láńdì ni mí, mi ò mọ àwọn Alábẹ́là rí."

Ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ́ dùn, ó mọ́ gaara, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ̀. Leocadia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wò ó, bí Saturio náà ṣe ń ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Àlejò wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?" Ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́sẹ̀. "Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ ti dé tán. Wọ bàtà tó dáa, ìwọ náà mọ̀ pé àwọn èèyàn rẹ kò fẹ́ràn ìdọ̀tí."

Lọ́jọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, gbogbo Zamora ló ń lọ sí ibi ìsìnkú pẹ̀lú korobá, kànrìnkàn àti òdòdó, wọ́n á fọ ojú òkúta àwọn èèyàn wọn, wọ́n á sì fi ojú wo èyí tí àwọn aládùúgbò kò fọ̀ dáadáa. Leocadia wá mú Wouter nílé, Wouter kò sì rí bí yóò ṣe kọ̀. Màmá Eutimia dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò tutù.

"Má fọwọ́ kan ohunkóhun," ni ó sọ sí i létí.

Lára ògiri gígùn kan ni wọ́n ń sìnkú sí níbẹ̀, ihò lórí ihò bí àpótí inú kọ́bọ́ọ̀dù, òkúta aláwọ̀ funfun ló dí ẹnu ìkọ̀ọ̀kan. Gbogbo ihò àwọn Alábẹ́là ló ti dí, àfi ọ̀kan, tó bá àyà èèyàn dọ́gba. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sí okùn aláǹtakùn níbẹ̀, kò sí ewé gbígbẹ. Petra dúró nítòsí pẹ̀lú búrẹ́dì roboto nínú bébà. Onígbàjámọ̀ náà wà níbẹ̀.

Leocadia na àkísà sí i. "Nu inú rẹ̀. Ẹni tó ni ín ló ń nù ún."

Ọwọ́ Wouter gba àkísà náà kí ó tó rò ó. Ó na apá wọ inú ihò náà. Òkúta ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ibùsùn tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ìdí, èjìká rẹ̀ wọlé, kò sì há. Ó bá a mu rẹ́gí. Kò sí ẹni tó tì í, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á. Gbogbo wọn kàn dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíràn wọ ọkọ̀ tán.

Ó fa ara rẹ̀ yọ. Leocadia ti mú àbẹ́là kan jáde nínú àpò ọwọ́ rẹ̀.

"Kí a tó tàn án," ni ó wí sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn òkúta lè gbọ́, "sọ fún wọn. Ta ló ni ọ́?"

Ẹnu Wouter ti ń ṣí. "Ilé..." ni ó wí. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó tẹ́, ó sì dùn. Ó wá èdè Họ́láńdì nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá orúkọ bàbá rẹ̀, ìda ló bá níbẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló kù: Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ náà dà? Àti lẹ́yìn ohùn náà, ẹyẹ òkun. Àti lábẹ́ ẹyẹ òkun, kẹ̀kẹ́ kan.

Ó wo gbogbo àwọn èèyàn tó wọ dúdú náà, àwọn tó ti ń ṣí fìlà fún un. Ojú tì í kó tó lanu.

"Ẹja rè é o!" ni ó ké, ní èdè Enkhuizen, èyí tó jẹ́ ti ojú ọjà jù, bí àwọn ará èbúté ṣe ń ké e. "Ẹja àná kọ́!"

Korobá kan ṣubú. Ohùn náà gba ara ògiri lọ, ó sì padà. Ọ̀fun Wouter ń ro ó bí ẹni tó gbé eegun mì.

"Kí ló sọ?" ni Petra bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹja ni wọ́n ń tà, màmá," ni Wouter sọ fún Leocadia ní èdè Sípéènì, gbogbo rẹ̀ sì jáde ní wíwọ́ bí ti àlejò tó dé lánàá, ó tilẹ̀ burú ju ti ọjọ́ tó dé lọ. "Krelis ẹlẹ́ja. Òun ló ni mí."

Leocadia wò ó pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kan kúrò lójú rẹ̀.

"Ọmọ ẹlẹ́ja," ni ó wí. "Gbogbo ìgbà yìí ni mo ń sún fún ọ lórí bẹ́ǹṣì."

"Abájọ tí kì í dúpẹ́ búrẹ́dì," ni Petra wí.

"Irú ẹja wo?" ni Leocadia bi í.

"Tútù, màmá. Wọn kì í sè é."

"Wọn kì í sè é." Leocadia mi orí pẹ̀lú àánú. Ó gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ká a, ó sì kọjú sí ògiri. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín," ni ó wí fún àwọn òkúta. "Ó kù díẹ̀ ká rí i. Ẹ ṣe sùúrù. Èmi náà ń ṣe é." Ó tan àbẹ́là náà fúnra rẹ̀, onígbàjámọ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí Wouter, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ ẹlẹ́ja.

Wouter rìn dé ẹnu géètì. Èèyàn kankan kò tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣófo títí dé ara ògiri. Ó tẹ ìka mọ́ fóònù, fóònù ṣí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e, Wouter kò jẹ́ kó rí àyè bi òun ní ìbéèrè.

"Ẹja rè é o," ni ó wí. "Ẹja àná kọ́."

Ariwo ẹyẹ òkun ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ohùn ńlá náà dé, ó rọra, bí ẹni tó ń dán omi wò pẹ̀lú ẹsẹ̀.

"Dì í nírù mú, kó gba ọ̀fun lọ sílé." Ó fa imú. "Ìwọ náà nìyẹn. Òmùgọ̀. Ta lọkùnrin tó ń lo fóònù rẹ?"

"Ó ti lọ, bàbá."

"O dẹ́rù bà mí gan-an ni." Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Wouter, o wà láàárín èrò?"

"Rárá. Èmi nìkan ni."

"Ó dáa. Àwọn wo wá ni wọ́n bá mi gbè é?"

Wouter dúró. Òórùn ìda oyin kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbóná díẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn padà sí àárín ìlú, kò sì kó ọwọ́ sẹ́yìn mọ́.

"Àwọn ará ibí ni, bàbá," ni ó wí. "Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ sọ bí ọjà ṣe lọ."